Ogun Lagos ọdún 1759: ṣé Èkó wa ni àbí Lagos mìíràn?

Ọmọ_Ìdúmàgbò, 7:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló ká mi lára láti àná. Mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó ra páálí mọ́ọ̀tì tí wọ́n ní mo jẹ.

Ẹgbẹ́ àwa tá a jọ jáde ilé ìwé máa ń ṣe ìdíje ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Lánàá, ẹni tó ń bi wá ní ìbéèrè ní: "Ogun Lagos ti ọdún 1759, ibo ni wọ́n ti jà á, àwọn wo ló sì jà á?" Kó tó pa ẹnu dé ni mo ti nawọ́. Èmi ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ta ló tún máa dáhùn rẹ̀ bí kì í bá ṣe èmi? Mo ní: "Èkó ni! Gẹ̀ẹ́sì ló wá bá Ọba Kòsọ́kọ́ jà." Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Wọ́n ní mo ṣi ọdún, mo ṣi ìlú, mo tún ṣi ọba. Páálí mọ́ọ̀tì kan ni wọ́n bu lé mi. Ìyàwó mi tá a jọ lọ gan-an ló rẹ́rìn-ín jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀tàn, ẹ là mí lójú. Lagos mélòó ló wà láyé? Bí kì í bá ṣe Èkó, ibo ni?

Ìwé_Ń_Fọhùn, 7:40 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mọ́ọ̀tì yẹn, ẹ rà á fún wọn, ẹ jẹ wọ́n lóòótọ́.

Lagos tí wọ́n ń wí wà ní gúúsù Potogí, létí òkun, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Algarve. Ìlú yẹn ti ń jẹ́ Lagos kí Potogí kankan tó fojú kan ọ̀sà wa. Ibẹ̀ náà ni wọ́n kó ẹrú 235 láti etíkun Áfíríkà sọ̀ kalẹ̀ sí ní August 1444, tí wọ́n pín wọn ní gbangba bí ẹni pín ẹran. Bóyá ìlú yẹn ni wọ́n fi sọ Èkó lórúkọ, bóyá ọ̀rọ̀ Potogí tó túmọ̀ sí adágún omi ni, àríyànjiyàn ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ẹ má jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbí, a ò ní sùn.

Láti 1756 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti wọ ìyá ìjà tí wọ́n padà ń pè ní Ogun Ọdún Méje. Nígbà tó di 1759, Faransé pinnu láti kó ọmọ ogun sọdá omi lọ bá Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé rẹ̀. Ìṣòro wọn ni pé ọkọ̀ ogun wọn pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀wọ́ kan wà ní Brest, lójú Àtìláńtíìkì, ọ̀wọ́ kejì wà ní Toulon, nínú òkun Mẹditaréníà. Kí ti Toulon tó lè jáde síta, àfi kó gba ẹnu tóóró tó wà ní Gibraltar. Ẹni tó sì wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀hún ni Edward Boscawen, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí ọmọ bá fẹ́ yọ́ jáde lóru tí bàbá ilé tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà.

Jean-François de La Clue-Sabran ló ṣáájú àwọn ará Toulon. Ọkọ̀ ogun ńlá 12 àti mẹ́ta kéékèèké ló kó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ August. Boscawen ti wọ Gibraltar lọ tún ọkọ̀ ṣe, ó sì ń pọn omi. Ní alẹ́ August 17, ọkọ̀ tó ń ṣọ́nà fún un sáré wọlé pé Faransé ń kọjá lọ! Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Boscawen ni kò tíì so ìgbòkun mọ́ òpó, àwọn ọ̀gá kan wà lórí ilẹ̀. Síbẹ̀, láàárín wákàtí díẹ̀, òun àti àwọn tó tètè múra ti wà lójú agbami.

La Clue wá ṣe ohun tó kó bá a. Cádiz, ní Sípéènì, ló ti kọ́kọ́ fi ṣe ibi ìpàdé pẹ̀lú àwọn ọ̀gá ọkọ̀ rẹ̀. Lóru yẹn ló yí ọkàn padà, ó ní kí wọ́n kúkú máa bá ìwọ̀ oòrùn lọ. Àtùpà ló fi ṣe àmì fún wọn nínú òkùnkùn. Ọkọ̀ mẹ́jọ, márùn-ún ńlá àti mẹ́ta kékeré, ni kò bá a lọ. Cádiz ni wọ́n gbà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, La Clue ka ọkọ̀, ó bá méje.

Ó wá rí ìgbòkun lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé àwọn tó sọnù ló ń bọ̀, ó rọra dúró dè wọ́n.

Boscawen ni.

Mo ní kíláàsì báyìí. Ẹ dúró dè mí o, ṣùgbọ́n ẹ má dúró bíi ti La Clue.

Akin_Kò_Gbà, 8:05 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi tó. Ọkọ̀ ńlá méje, àgbá lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì ń sá. Kí ló dé tí wọn ò yíjú padà kí wọ́n jà á bí ọkùnrin? Ó jọ pé Gẹ̀ẹ́sì ló kọ ìtàn yìí fúnra ẹ̀, tó wá fi Faransé ṣe ojo.

Atukọ̀_Àgbà, 8:51 àárọ̀

Akin ọmọ mi, o ò tíì fi ìgbòkun wa ọkọ̀ rí ni. Ọdún 22 ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ́ńjìnnì ló sì ń wa tiwa. Ṣùgbọ́n ọmọ etí ọ̀sà ni mí, mo ti mọ ìgbòkun kí n tó mọ ABD.

Bó o bá gba orí afárá Third Mainland lówùúrọ̀, wo omi lápá ibi tí àwọn apẹja wà. Wà á rí ọkọ̀ tí wọ́n fi àpò rán ìgbòkun fún, àbùlẹ̀ lórí àbùlẹ̀. Ṣọ́ ọ̀kan nínú wọn dáadáa. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀yìn bọ̀, ó kàn máa yọ̀ lọ wẹ́rẹ́ ni. Bó bá fẹ́ lọ síbi tí afẹ́fẹ́ gan-an ti ń bọ̀, kò lè dojú kọ ọ́ tààrà. Á fì sápá ọ̀tún, á tún fì sápá òsì bí ẹni tó mu ẹmu yó, ibi tí kò tó nǹkan ló sì máa gba gbogbo àárọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan náà ló ń de àwọn ọkọ̀ ogun ayé ìgbà yẹn. Ẹni tí afẹ́fẹ́ bá wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ni ìjà. Bó bá wù ú, á sọ̀ lé ọ. Bí kò bá wù ú, á dúró sókè, á máa wò ọ́. Ìwọ tó o wà nísàlẹ̀ afẹ́fẹ́, o ò lè gòkè lọ bá a, àfi kó o sá tàbí kó o dúró gba tìrẹ. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, atẹ́gùn láti ìlà oòrùn ló ń gbé Boscawen bọ̀ láti Gibraltar, ó sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ Faransé. La Clue wà níwájú, ìgbòkun rẹ̀ rọ̀, ẹni tó ń lé e ti ń ya omi bọ̀.

Èkejì, àgbá. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n tò ó sí, méjì mẹ́ta péré ló ń wo iwájú tàbí ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tò tẹ̀léra lórí ìlà kan, imú ọkọ̀ kan sí ìdí èkejì, kí gbogbo ẹ̀gbẹ́ lè kọjú sí ọ̀tá. Bó o bá sá, ìdí ọkọ̀ lo kọ sí ẹni tó ń lé ọ. Ìdí ọkọ̀ ọ̀hún ni yàrá ọ̀gá wà, fèrèsé gíláàsì àti pákó tín-ín-rín. Ẹ fojú inú wo ilé tó ní yàrá lọ́tùn-ún lósì, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí ọta bá wọlé láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, kò sóhun tó máa dá a dúró títí á fi yọ níwájú, gbogbo ẹni tó bá sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló kó lọ. Ọta àgbá ńlá kan tó kílò 14. Àgbá tó ń yìn ín fúnra rẹ̀ sún mọ́ tọ́ọ̀nù mẹ́ta.

Ọta nìkan kọ́ ló sì ń pa wọ́n. Bó bá gba ara ọkọ̀ wọlé, ẹ̀érún igi tó gùn bí apá ló máa ń fọ́n káàkiri inú ọkọ̀. Òun ló ń ṣe ọ̀pọ̀ wọn lọ́ṣẹ́.

La Clue kì í ṣe ojo. Ó rí i pé àwọn tó ń bọ̀ pọ̀ ju tòun lọ, ìdajì èèyàn rẹ̀ ò sì sí níbẹ̀. Ìwọ ńkọ́, kí lo máa ṣe?

Akin_Kò_Gbà, 9:02 àárọ̀

Bàbá, ẹ má bínú. Mà á sá.

Ìwé_Ń_Fọhùn, 1:30 ọ̀sán

Mo ti dé. Bàbá ti bá mi ṣe èyí tó le jù níbẹ̀, ẹ ṣeun sà.

Ọ̀sán August 18 ni wọ́n lé wọn bá. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn pátápátá nínú ti Faransé ń jẹ́ Centaure, àgbá 74 ló gbé. Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún ló dòyì ká a, ọ̀kan kúrò, òmíràn bọ́ síbẹ̀. Ó ń gbà á, ó ń dá a padà, títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ó tó 200 èèyàn tó kú nínú rẹ̀ kó tó sọ àsíá kalẹ̀. Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun: bí Centaure ṣe dá wọn dúró yẹn ni àwọn mẹ́fà yòókù fi ráyè sáré. Akin, ojo ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Boscawen ò fẹ́ dúró ti Centaure. Ó darí ọkọ̀ tirẹ̀, Namur, alágbàá 90, kọjá lọ bá Océan, ọkọ̀ La Clue gan-an. Wọ́n sún mọ́ra, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í da iná bo ara wọn. Ìwà Faransé ni láti máa yìnbọn sókè, síbi òpó àti ìgbòkun, kí ọ̀tá má lè rìn mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ máa ń yìn ín sí ara ọkọ̀ nísàlẹ̀, ibi tí èèyàn wà. Àwọn méjèèjì ló rí ohun tí wọ́n ń wá. La Clue fara gba ọta lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Òpó ẹ̀yìn Namur wó, ìgbòkun rẹ̀ fà ya, ó dúró gbagidi bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn.

Boscawen bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré kan, ó ní kí wọ́n wa òun lọ sínú Newark kí òun lè máa lé wọn lọ. Wọ́n máa ń sọ pé ọta dá ihò sí ọkọ̀ kékeré yẹn lára lójú ọ̀nà, tí ọ̀gágun ṣí wíìgì lórí, tó sì fi dí i. Bóyá òótọ́ ni, bóyá àwọn atukọ̀ ló fi ń dápàárá, mi ò ní búra. Ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí rẹ̀.

Lóru, méjì nínú ọkọ̀ Faransé yọ́ yí orí padà, wọ́n sá lọ. Ilẹ̀ August 19 mọ́ bá mẹ́rin, wọ́n há sáàárín Gẹ̀ẹ́sì àti etíkun Potogí, ní tòsí Lagos wa yìí. (Lagos wọn, ẹ forí jì mí.) La Clue pinnu pé kàkà kí Gẹ̀ẹ́sì gba Océan lọ́wọ́ òun, ilẹ̀ ni òun máa kọ lù. Ó ta gbogbo ìgbòkun, ó sì forí ọkọ̀ sọ etíkun. Bó ṣe gúnlẹ̀ ni àwọn òpó rẹ̀ wó lulẹ̀ gbàràgàdà. Redoutable náà gúnlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì dáná sun àwọn méjèèjì. Téméraire àti Modeste ju ìdákọ̀ró sábẹ́ odi àwọn Potogí, wọ́n rò pé wọ́n ti dé ilé ààbò. Gẹ̀ẹ́sì wọlé tọ̀ wọ́n, ó sì kó wọn lọ.

Ìyá_Ìbejì_Kent, 2:18 ọ̀sán

Ẹ káàsán o. Namur tẹ́ ẹ dárúkọ yìí ló jẹ́ kí n dá sí i. Mo ti fojú mi rí i. Igi rẹ̀ ni mo rí o, kì í ṣe odindi ọkọ̀.

Kò jìnnà sí ibi tí mò ń gbé ni Chatham, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ogun fún ọba láyé ọjọ́un. Ní 1995, wọ́n ń tún ilé kan ṣe níbẹ̀, ilé tí àwọn tó ń ṣe ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹṣin ti ń ṣiṣẹ́ nígbà kan. Wọ́n ká pákó ilẹ̀, àfi bí wọ́n ṣe bá egungun ọkọ̀ ńlá lábẹ́ rẹ̀, igi òàkù tò lọ bẹẹrẹ. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dá a mọ̀. Namur ni. Chatham níbẹ̀ náà ni wọ́n ti kàn án ní 1756, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tú u ká ní 1833, wọ́n wá fi igi rẹ̀ ṣe ilẹ̀ ilé. Mo kó àwọn ìbejì lọ wò ó lásìkò ìsinmi. Igi dúdú, ihò ìṣó, àmì tí káfíńtà fà sára rẹ̀. Kẹ́hìndé ní, "Mummy, it's just wood." Mo ní dúró ná.

Ohun tí kò tíì sí ẹni tó sọ nìyí: ọmọ Áfíríkà kan wà nínú Namur lọ́jọ́ Ogun Lagos yẹn.

Ọmọ_Ìdúmàgbò, 2:21 ọ̀sán

Ẹ ní kí ni? Màmá Ìbejì, ẹ má fi wá sílẹ̀ síbẹ̀ o.

Ìyá_Ìbejì_Kent, 2:59 ọ̀sán

Ẹ má bínú, ìrẹsì wà lórí iná.

Olaudah Equiano ni. Nígbà yẹn, Gustavus Vassa ni wọ́n ń pè é, orúkọ ọba Sweden kan tí ọ̀gá tó rà á fi sọ ọ́. Ọ̀gá yẹn, Michael Henry Pascal, jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ó wà nínú Namur, ó sì mú ẹrú rẹ̀ dání. Bí ẹ bá gba ọdún tí Equiano fúnra rẹ̀ sọ pé wọ́n bí òun, ọmọ ọdún bíi 14 ni.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún un lójú ogun ni kó máa gbé ẹ̀tù. Àjà àárín ni wọ́n fi í sí, òun àti ọmọkùnrin kan, láti máa bọ́ àgbá tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ibi tí wọ́n kó ẹ̀tù pamọ́ sí jìnnà sí àgbá náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Á sáré lọ, á gba àpò ẹ̀tù, á sáré padà, bí èèyàn ṣe ń ṣubú lọ́tùn-ún lósì. Ó sọ ọ́ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní London ní 1789 pé àwọn àpò mìíràn ti jẹrà nídìí, ẹ̀tù wá ń dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà bí ẹni ń gbin àgbàdo, nítòsí ibi tí òkùn iná tí wọ́n fi ń yìn àgbá wà. Wọ́n ń wá omi tí wọ́n máa dà sí i, omi ò tó.

Ibi tó máa ń dùn mí jù nínú rẹ̀ ni ibi tó ti ń gbìyànjú láti fọgbọ́n ṣe é. Ó ní kí òun máa dúró kí Faransé yìn ín tán, bí wọ́n bá wá ń ki ẹ̀tù mìíràn, kí òun sáré lọ sáré bọ̀. Ọgbọ́n ọmọdé. Ó tún rò ó, ó rí i pé kò wúlò, pé bí àyànmọ́ òun bá ti jẹ́ kí òun kú lọ́jọ́ náà, òun ò lè fi eré sá fún un. Ló bá gbájú mọ́ iṣẹ́. Wọ́n ṣe Pascal léṣe, òun ò fara pa. Nígbà tí wọ́n dáná sun Océan, ó wà níbẹ̀, ó rí i bó ṣe bú gbàmù láàárín òru.

Ọ̀dọ́_Ògùn, 3:20 ọ̀sán

Màmá, ẹ ṣeun. Kí n kàn sọ ohun kan kó má di pé wọ́n á tún bu mọ́ọ̀tì lé ẹlòmíràn. Àwọn onímọ̀ kan ò gbà pé ilẹ̀ Igbo ni wọ́n ti bí Equiano, bó ṣe sọ nínú ìwé rẹ̀. Ìwé ìrìbọmi rẹ̀ ní London, February 1759, sọ pé Carolina, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí i, ó sì pe ọjọ́ orí rẹ̀ ní 12. Àríyànjiyàn náà ò tíì tán.

Atukọ̀_Àgbà, 3:34 ọ̀sán

Ta ló sọ fún akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì pé Carolina? Ọmọ náà ni àbí ẹni tó rà á? Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, mo kàn ń béèrè ni.

Nǹkan mìíràn wà lọ́kàn mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ọkọ̀, yàrá ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi mí sí, ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí ìjì bá dé, àwa tá a wà nísàlẹ̀ ò rí nǹkan kan. Gbàmù lò ń gbọ́, o ò mọ̀ bóyá ìgbì ni àbí ọkọ̀ ti kọ lu nǹkan. Àyà mi máa ń já débi pé mo máa ń ka iye ìgbà tí mò ń mí. Ọmọ ọdún 14 nínú òkùnkùn àti èéfín, tó gbé ẹ̀tù sáyà... Ẹ jọ̀ọ́.

Akin_Kò_Gbà, 3:50 ọ̀sán

Ó kéré tán, lẹ́yìn tó ti bá wọn jagun, wọ́n á ti dá a sílẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Kent, 4:06 ìrọ̀lẹ́

Akin, wọ́n tà á.

Nígbà tí ogun ń parí lọ, December 1762, ọkọ̀ wọn dé odò Thames. Ọkàn Equiano ti balẹ̀ pé òmìnira dé. Pascal tà á fún ọ̀gá ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn Indies. Equiano ní wọ́n ti ri òun bọmi, òfin ò gbà kí wọ́n ta òun. Ó tún ní òun ti sìn ín fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo owó iṣẹ́ òun àti owó ìkógun tó tọ́ sí òun, ọ̀gá ló gbà á. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ní 1766 ló fi £40 ra ara rẹ̀ padà, owó tó fi òwò pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ kó jọ.

Akin_Kò_Gbà, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ó burú o.

Kí n béèrè èyí kí inú tó bí mi jù. Ìwé_Ń_Fọhùn ní abẹ́ odi Potogí ni wọ́n ti kó ọkọ̀ méjì yẹn. Ṣé Potogí wà nínú ogun yẹn ni? Bí méjì bá ń jà, tí ọ̀kan sá wọ inú ọgbà mi, tí èkejì fo ògiri mi wọlé wá lù ú, ṣé èmi náà ò ní sọ̀rọ̀?

Ìwé_Ń_Fọhùn, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Potogí ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni lásìkò yẹn, ó sì sọ̀rọ̀. Faransé náà figbe ta. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ìjòyè kan, Lord Kinnoull, lọ sí Lisbon láti lọ tọrọ àforíjì. Ó tọrọ rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n kó, wọn ò dá a padà.

Ọkọ̀ yòókù ti Faransé, àwọn ará Brest, ò sì gbádùn ju ti La Clue lọ. November 20 ọdún kan náà, Edward Hawke lé wọn wọ inú omi Quiberon, nínú ìjì, láàárín àpáta tí kò mọ̀ dáadáa. Ọkọ̀ Faransé kan, Thésée, ṣí ojú àgbá ìsàlẹ̀ láti jà, ìgbì gba ibẹ̀ wọlé, ó rì pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn. Nǹkan bí ogún péré ló yè é. Ètò àtisọdá lọ bá Gẹ̀ẹ́sì nílé bá omi lọ.

Téméraire tí wọ́n kó ní Lagos di ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò sì yí orúkọ rẹ̀ padà. Nígbà tó gbó, wọ́n fi orúkọ yẹn sọ ọkọ̀ tuntun kan tí wọ́n kàn ní 1798, alágbàá 98. Ìyẹn ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ Nelson, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́lẹ́ níbi ogun Trafalgar ní 1805.

Ìyá_Ìbejì_Kent, 5:22 ìrọ̀lẹ́

Ẹ dúró. Téméraire yẹn ni Turner, ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì, yà, níbi tí ọkọ̀ èéfín kékeré ti ń fà á lọ síbi tí wọ́n ti máa tú u palẹ̀! Àwòrán yẹn ló wà lórí £20 tí à ń ná níbí láti 2020. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ̀kan nínú pọ́ọ̀sì wò, òun ni lóòótọ́. Orúkọ Faransé, láti Lagos, lórí owó Gẹ̀ẹ́sì.

Àbíkẹ́_Ìsàlẹ̀Èkó, 6:47 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n Ìdúmàgbò, ẹ dójú tì wá díẹ̀. Ogun tí ẹ ní lọ́kàn ni Ogun Agídìngbì, December 1851. Ìró àgbá ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ẹ pe orúkọ náà sókè, ẹ óò gbọ́ ọ. Ọdún 92 ni ẹ fi jìn sí ìdáhùn. Ìgbòkun kọ́ ló sì gbé Gẹ̀ẹ́sì wọ ọ̀sà lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ èéfín ni, Bloodhound àti Teaser. Bí Teaser ṣe gúnlẹ̀ sórí iyanrìn, àwọn èèyàn Kòsọ́kọ́ fi ojú rẹ̀ rí màbo láti etí omi. Ṣùgbọ́n Kòsọ́kọ́ padà sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, Akíntóyè sì gorí ìtẹ́.

Bí ẹ bá ń wá ogun ọkọ̀ onígbòòkun tó kàn wá gan-an, ẹ má wá a lọ sí Potogí. Iwájú ilé wa níbí ni wọ́n ti jà á. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, wọ́n fi ọkọ̀ ogun ṣọ́ etíkun wa. April 1822, ọkọ̀ Esperança Felix gbéra láti Èkó, ẹrú kún inú rẹ̀. Myrmidon, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, mú un. Ọmọkùnrin kan wà nínú àwọn ẹrú yẹn, wọ́n kó o ní Òṣoogùn ní ọdún tó ṣáájú. Àjàyí ni. Ẹni tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther.

Bí ẹ bá sì ń fẹ́ ìjà, Black Joke ńkọ́? Ọkọ̀ kékeré ni, àgbá méjì péré. Ọkọ̀ ẹrú ni òun náà tẹ́lẹ̀, Henriqueta lorúkọ rẹ̀, kí Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á. February 1829, ó lé El Almirante, ọkọ̀ ẹrú Sípéènì tó gbé àgbá 14. Afẹ́fẹ́ lọ sílẹ̀. Àwọn ará Black Joke kó àjẹ̀ jáde, wọ́n ń wà á bí ọkọ̀ apẹja, kí wọ́n lè máa rìn sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí àgbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò ti lè bá wọn. Bàbá Atukọ̀ ti ṣàlàyé ìdí ọkọ̀. El Almirante sọ àsíá kalẹ̀. Wọ́n bá èèyàn 466 nínú rẹ̀.

Atukọ̀_Àgbà, 7:15 alẹ́

Àbíkẹ́, o ṣeun ọmọ mi. Àjẹ̀! Ẹni tó bá mọ omi ló lè ronú irú ẹ̀.

Ọmọ_Ìdúmàgbò, 8:30 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Mo ti ra mọ́ọ̀tì náà, ó wà nínú bùútù. Mo ka ohun tí Màmá Ìbejì kọ nípa ọmọ tó ń gbé ẹ̀tù sétí ìyàwó mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó béèrè bóyá Equiano padà rí owó ìkógun rẹ̀ gbà. Mo ní ibo ló ti máa gbà á.

Oṣù tó ń bọ̀, èmi ni mo kàn láti bi wọ́n ní ìbéèrè. Mo ti ní ọ̀kan: "Kí ló pa ogun Lagos ti Potogí pọ̀ mọ́ £20 ti Gẹ̀ẹ́sì?" Páálí mọ́ọ̀tì méjì ni mà á bù lé ẹni tó bá kùnà. Màmá Ìbejì, ẹ dákun, ẹ ya fọ́tò owó yẹn ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ yà o, níbi tí ọkọ̀ wà.

Ìyá_Ìbejì_Kent, 8:44 alẹ́

Kẹ́hìndé ti ná an.